Ṣódẹkẹ́, Ẹni tí ó Tún Ilé Ẹ̀gbá Kọ́

Kíkọ́ ilé tuntun ṣòro, ṣùgbọ́n títún ilé tí ó jóná kọ́ ṣòro jù ú lọ. Ẹni tí ó ń tún ilé kọ́ ní láti kọ́kọ́ kó eérú, kí ó ṣa igi tí iná kò jẹ tán jọ, kí ó sì wá ibi tí àwọn ọmọ ilé fọ́nká sí. Bí ọ̀rọ̀ ilé ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rí. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá ni ó lè ka orúkọ àwọn jagunjagun tí ó fọ́ ìlú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń rántí ẹni tí ó tò ó padà. Nítorí ìdí èyí ni a fi rò pé ó tọ́ kí á fi àyè wa ti òní sọ ìtàn Ṣódẹkẹ́ ọmọ Ìporò fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, tí ó sì ṣe olórí wọn fún nǹkan bí ọdún 15, títí ikú fi mú un lọ.

Kí ẹ tó lè mọ bí iṣẹ́ ọkùnrin yìí ti tóbi tó, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí Abẹ́òkúta tó wà, inú Igbó Ẹ̀gbá ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, wọn kò sì gbé ojú kan. Ìlú wọn lé ní 100, wọ́n sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: Ẹ̀gbá Aláké, tí ọba wọn wà ní Aké, Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà, tí Òṣilẹ̀ jẹ́ ọba wọn, àti Ẹ̀gbá Gbágùrá, tí Àgùrá jẹ́ ọba wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, ní ilé Ògbóni tirẹ̀, ó ní olóyè tirẹ̀, ó sì ní òrìṣà tirẹ̀. Nígbà kan, kí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún tó parí, Lísàbí fi ẹgbẹ́ àárò, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko, kó wọn jọ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Aláàfin tí ń ni wọ́n lára. Wọ́n gba òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lísàbí kú, olúkúlùkù padà sí abà rẹ̀. Òmìnira wà lóòótọ́. Òrùlé kan tí gbogbo Ẹ̀gbá lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ni kò sí.

Àìsí òrùlé yìí ni ó pa wọ́n lára nígbà tí òjò dé. Ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà Àpòmù mú kí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Òwu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun Fúlàní ti lé kúrò nílé wọn sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Òwu gbìyànjú gidigidi, ṣùgbọ́n ebi àti ìsàgatì pẹ́ títí ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ láàárín ọdún 1820 sí 1830. Nígbà tí Òwu fọ́ tán, ogun náà kò túká. Ó yí ojú sí Igbó Ẹ̀gbá, ó sì ń jó ìlú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ilé aládùúgbò ti ń jó, ẹni kejì ń wò ó. Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí ó rò pé iná tí ń jó ọ̀tá òun kò ní kan òun. Kò pẹ́ tí iná náà fi kan gbogbo wọn. Ní ọdún díẹ̀, àwọn ìlú tí baba ńlá wọn fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kọ́ di ahoro. Àwọn kan kú, àwọn kan sá wọ igbó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a sì dè, tí a tà fún àwọn olówò ẹrú létí òkun, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá àwọn yóò tún fojú kan ilẹ̀ baba wọn mọ́.

Àwọn tí ó kù di ogúnléndé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní Ìbàdàn láàárín àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́. Ìlú Gbágùrá kan ni Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti di àgọ́ àwọn aṣẹ́gun. Nítorí náà àlejò ni àwọn Ẹ̀gbá jẹ́ lórí ilẹ̀ ara wọn. Wọ́n ń fojú di wọ́n, wọ́n sì ń jẹ wọ́n níyà. Nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olóyè ogun, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀, àwọn àgbààgbà Ẹ̀gbá rí i pé bí àwọn bá dúró, ìparun ni. Lámódi, tí ó jẹ́ olórí ogun wọn, kó wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin akọni náà kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ikú pa á kí ìrìnàjò tó parí. Ní àkókò tí ẹsẹ̀ wọn wà lójú ọ̀nà, tí ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, tí a kò sì tíì mọ iwájú, ni wọ́n gbé olórí lé Ṣódẹkẹ́ lọ́wọ́. Ṣẹ́ríkí ni oyè rẹ̀. Kò wá láti ìdí adé. Akínkanjú rẹ̀ àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn ní nínú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olórí.

Ìtàn sọ pé wọ́n ti bi Ifá léèrè kí wọ́n tó gbéra. Ní ọdún 1830 wọ́n dé ẹ̀bá odò Ògùn, níbi tí àpáta Olúmọ gbé dúró bí odi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ mọ. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ díẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Oko Adágbà, ọmọ Ìtòkò, gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ki ìlú náà ní Oko Adágbà títí di òní. Lábẹ́ àpáta yìí ni àwọn ogúnléndé forí pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ìlú náà sì ti gba orúkọ rẹ̀, Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn láti ìlú tí ó lé ní 100, tí olúkúlùkù ti pàdánù ilé, oko àti ẹbí, dé orí ilẹ̀ kan náà. Àwọn kan nínú wọn ti bá ara wọn jà rí. Àwọn kan mọ̀ pé aládùúgbò àwọn wò wọ́n níran nígbà tí ilé wọn ń jó. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú olórí tí irú èyí bá bá. Ó lè fi agbára pa orúkọ gbogbo ìlú àtijọ́ rẹ́, kí ó sọ gbogbo ènìyàn di ọmọ abẹ́ ọba kan. Idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dè é lọ́nà lọ́jọ́ náà. Tàbí kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, kí iná tí ó jó Igbó Ẹ̀gbá lè tún rí ibi wọlé.

Ṣódẹkẹ́ kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tí ó ti ń jẹ́ láti Igbó Ẹ̀gbá. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń rìn ní Abẹ́òkúta lónìí, orúkọ àwọn ìlú tí ó ti di ahoro ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀: Aké, Ìporò, Ìkìjà, Ìgbẹ̀in, Kéèsì, Kémta, Ìtòkú, Ìlúgùn, àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ògbóni ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá ẹjọ́ ará ìlú náà. Àwọn Pàràkòyí ń mójútó ọ̀ràn ọjà àti òwò. Àwọn Olórógun ń ṣe ètò ogun. Ogún àtijọ́ tí wọ́n jí dìde ni ìwọ̀nyí. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n mọ̀ nísinsìnyí pé ọ̀ràn kan wà tí kì í ṣe ti Aké nìkan tàbí ti Ìkìjà nìkan. Bí ogun bá dé, ìlú kan kò gbọdọ̀ wo ìlú kejì níran. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóyè ń pàdé lé lórí, Ṣódẹkẹ́ sì ni olórí wọn.

Nǹkan mìíràn tí ó fi ọgbọ́n ọkùnrin yìí hàn ni ọ̀ràn àwọn ará Òwu. Àwọn Òwu kì í ṣe ọmọ Igbó Ẹ̀gbá. Ìran tiwọn yàtọ̀, wọ́n sì ní Olówu tiwọn. Àwọn pẹ̀lú ń rìn káàkiri láti ìgbà tí ìlú wọn ti fọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1834, wọ́n wá bá àwọn Ẹ̀gbá, a sì gbà wọ́n. Ẹni tí ebi ń pa sábà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ebi ń pa bíi tirẹ̀; àwọn Ẹ̀gbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Òwu ti di ẹ̀yà kẹrin ní Abẹ́òkúta, tí Olówu sì wà lára àwọn ọba rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí di òní.

Àlàáfíà kò tètè dé. Àwọn tí ó lé wọn kò fẹ́ kí wọ́n fìdí múlẹ̀. Wọ́n ní láti borí àwọn Ìjẹ̀bú lẹ́bàá odò Òwíwí ní ọdún 1832, wọ́n sì ní láti lé ogun Ìbàdàn padà ní Àràkàńgà. Ìṣẹ́gun wọ̀nyí fún àwọn ènìyàn láyà láti lẹ ọkọ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí í gbin iṣu sí ibi tí kò dá a lójú pé òun yóò wà láti wà á. Ṣùgbọ́n ewu kan ṣẹ́kù. Abẹ́òkúta jìnnà sí òkun, ìbọn àti ẹ̀tù kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn àfi kí ó gba ọwọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà tiwọn sí Àgbádárìgì, tí ogun sì fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti Ọ̀tà, lẹ́yìn náà láàárín wọn àti Adó. Ní ìtòsí Adó ni wọ́n ti lé Gezo, ọba Dàhómì, sẹ́yìn ní ọdún 1844, ọba náà kò sì gbàgbé ẹ̀gàn ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí a dé apá tí ó dùn jù lọ nínú ìtàn yìí. A ti sọ ṣáájú pé a ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ẹ̀gbá létí òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò. Púpọ̀ nínú wọn di Kristẹni. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ènìyàn wọn tún ti ní ìlú, àárò ilé mú wọn. Àwọn oníṣòwò láàárín wọn ra ọkọ̀ tí a ti gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ní ọdún 1839 wọ́n sì wọ irú ọkọ̀ tí ó kó wọn lọ sí oko ẹrú padà wá sílé. Inú ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí orí rẹ̀ kò wú, a kò mọ irú ènìyàn tí olúwarẹ̀ jẹ́.

Ìrìnàjò náà kò rọrùn. Àwọn tí ó gba Èkó kọjá ni a kó lẹ́rù, nítorí náà ni àwọn tí ó tẹ̀lé wọn fi gba Àgbádárìgì. Nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, tí wọ́n wọ aṣọ Òyìnbó, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí baba wọn kò sọ wọ́n, tí wọn kò sì bọ òrìṣà ilé mọ́, àwọn kan ìbá ti sọ pé àjèjì ni wọ́n. Ṣódẹkẹ́ sọ wọ́n di ọmọ ilé. Ó dáàbò bò wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ẹbí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, àlùfáà ìjọ Wesley tí baba rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, wá bẹ̀ wọ́n wò. Ní oṣù Kìíní ọdún 1843, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé pẹ̀lú Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí òun pàápàá ti Sàró bọ̀. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò di Kristẹni títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó mọ oore. Àwọn tí ó dá ọmọ padà fún ìyá kò lè jẹ́ ọ̀tá lójú rẹ̀. Ó sì tún mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ológun, pé ìlú tí ọ̀tá yí ká nílò ọ̀rẹ́, àti pé ìwé mímọ̀ jẹ́ agbára kan tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò tíì ní.

Bí a bá ń yin ènìyàn, ó yẹ kí á sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan méjì ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ Ṣódẹkẹ́. Èkíní ni òwò ẹrú. Àwọn Ẹ̀gbá tí ń fi omijé ayọ̀ pàdé àwọn ọmọ wọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀, àwọn náà ń kó ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú lójú ogun, wọ́n sì ń tà wọ́n. Ṣódẹkẹ́ kò fòpin sí i. Ọdún 1852, nígbà tí òun ti lọ, ni àwọn olóyè Ẹ̀gbá tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti fi òwò náà sílẹ̀. Ẹni tí a ti fi iná jó kì í sábà kọ́ bí a kò ṣe ń fi iná jó ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ náà máa ń pẹ́. Èkejì ni pé òrùlé tí ó gbé bo gbogbo Ẹ̀gbá, òpó kan ṣoṣo ni ó gbé e ró, òun fúnra rẹ̀ ni òpó náà. Kò gbé adé lé ara rẹ̀ lórí, a sì yìn ín fún èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ológun ni kò lè kọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ètò kan sílẹ̀ nípa ẹni tí yóò jókòó sí ipò tí ó gbé jókòó.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, bí Townsend ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú Samuel Crowther àti Gollmer láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìròyìn ikú Ṣódẹkẹ́ ni ó pàdé wọn ní Àgbádárìgì. Ọ̀nà dí nítorí ogun, olórí tí ó pè wọ́n sì ti lọ. Ó di ọdún 1846 kí Townsend àti Crowther tó dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821, rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ṣódẹkẹ́ kò sí láyé láti rí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìlú tí ó tẹ̀dó àti ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, níbo ni ìyá àti ọmọ náà ìbá ti pàdé?

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olóyè ń bá ara wọn fa ipò olórí, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tirẹ̀. Ọ̀kúkẹ́nù, tí í ṣe Ṣàgbùà, ni ó wá di Aláké àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà yòókù pẹ̀lú ní ọba tiwọn, àríyànjiyàn nípa agbára olúkúlùkù sì pẹ́ nílẹ̀. Ó di ọdún 1898 kí Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá tó dìde, èyí tí ó wà títí di ọdún 1914. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ tí Ṣódẹkẹ́ fi lélẹ̀ kò yẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, nígbà tí ogun Dàhómì dé ẹnu odi pẹ̀lú àwọn obìnrin jagunjagun rẹ̀, ìlú kan kò wo ìlú kejì níran mọ́. Gbogbo Ẹ̀gbá àti Òwu dúró lórí odi kan, wọ́n sì lé ọ̀tá padà. Ní ọdún 1864 wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìlú yìí kan náà ni a ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí gbogbo àwa tí ń kọ ọ̀rọ̀ ní èdè yìí fún yín láti kà jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Kí ni kí á rí mú nínú ìtàn yìí? Lójú tiwa, ohun tí ó mú kí iṣẹ́ Ṣódẹkẹ́ dúró ni pé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ó gbàgbé ilé baba rẹ̀ kí ó tó lè wọ ilé ńlá. Ará Ìkìjà ṣì jẹ́ ará Ìkìjà, ará Òwu ṣì jẹ́ ará Òwu, Sàró sì ṣì di Bíbélì rẹ̀ mú. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn ni pé, nígbà tí iná bá ń jó ilé ẹnì kan, kí gbogbo wọn gbé omi. Ohun tí ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà mì nígbà tí ó kú ni pé ó pẹ́ kí a tó sọ àṣà yìí di òfin tí kò dúró lórí ẹ̀mí ènìyàn kan. Ìlú tí ó bá ti ogun bọ̀ nílò akíkanjú, ṣùgbọ́n kí akíkanjú náà tètè gbin igi tí yóò ṣíji bo àwọn ènìyàn nígbà tí òun kò bá sí mọ́. Bí ẹ bá dé Abẹ́òkúta, tí ẹ gun Olúmọ, tí ẹ sì wo àwọn òrùlé tí ó lọ salalu nísàlẹ̀, ẹ rántí àwọn ogúnléndé tí ó sùn sí abẹ́ àpáta náà láìní ohunkóhun, kí ẹ sì rántí ọkùnrin tí ó kó wọn débẹ̀. Ó tún di ọjọ́ mìíràn.